Ìjókòó Iwájú Màmá Dinah

Àbámẹ́ta, 11 oṣù kejì, 2017

A ṣí tapólì kúrò lórí Pijó lónìí. Eku mẹ́ta ló jáde. Ọ̀kan gba àárín ẹsẹ̀ mi kọjá, mo sì pariwo débi pé Hàjàrá aránṣọ yọjú lórí fẹ́ǹsì: "Lafiya? Ṣé àlàáfíà ni?" Mo ní eku ni. Ó ní òun ti rò pé olè ni, ó sì padà sídìí máṣíìnì rẹ̀.

Mọ́tò ọ̀hún ò ṣeé wò. Ewé máńgòrò ọdún mẹ́jọ ti di ilẹ̀dú sídìí wáípà, ìpẹtà ti jẹ abẹ́ ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, táyà ti wọlẹ̀. Abdulkareem mẹkáníìkì fi sukudiráfà gún ibi tí awakọ̀ ń gbé ẹsẹ̀ lé, irin náà wọlé, ó kan yẹ̀pẹ̀. Ó wò mí bí dókítà tí kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

"Àǹtí, wallahi, ẹ ta eléyìí fún àwọn tó ń ra irin. Ohun tẹ́ ẹ máa ná lé e lórí á ra Góòfù tó ń rìn."

Mo ní kó lọ sọ ọ́ fún ẹni tó ni ín. Bàbá mi wà lórí àga wọn lábẹ́ máńgòrò, ọ̀pá láàárín orúnkún, wọ́n sì ti gbọ́. Wọ́n na ọwọ́ òsì sí ilẹ̀kùn iwájú, èyí tí kì í ṣe ti awakọ̀. Abdulkareem ṣí i, ó tì í. Ó dún bí agolo òfìfo. Bàbá fi ọ̀pá lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ẹ̀ẹ̀kan ni "tún un ṣe", ẹ̀ẹ̀mejì ni "ó dáa". Ọdún mẹ́rìnlélógún ni Bàbá fi so ilẹ̀kùn mọ́ Pijó ní ilé iṣẹ́ tó wà ní Kakuri, níbí ní Kaduna. Ìka kan ni wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn, wọ́n á wá dẹtí sí i. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ọwọ́ ọ̀tún wọn àti ìdajì ẹnu wọn lọ. Ọ̀pá yìí ló wá ń bá wọn sọ èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ wọn.

Abdulkareem họ orí. Ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Kawo ni, ó mọ ẹ́ńjìnnì, ó mọ irin títẹ̀, àgídí àgbà nìkan ni kò tíì mọ̀. "To," ló wí. "A máa tún un ṣe."

Àìkú, 12 oṣù kejì

Màmá Dinah, ẹ̀gbọ́n Bàbá, pè lẹ́yìn ìsìn, bí wọ́n ṣe máa ń pè ní gbogbo Àìkú láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Mo gbé fóònù lé Bàbá lórí itan, mo jẹ́ kí ohùn jáde síta.

"Ezra! Wọ́n ní o ti ṣí aṣọ lójú ẹ̀."

"Ẹ-ẹ̀gbọ́n."

"Mo ti pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin o. Iwájú mọ́tò yẹn ni mo fẹ́ jókòó sí, kí wọ́n tó wá gbé mi sínú èyí tí wọn kì í jókòó nínú ẹ̀."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi ń jáde lójú wọn. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo wà níbẹ̀ lọ́dún 1991 nígbà tí ọ̀rọ̀ ìjókòó yìí bẹ̀rẹ̀. Ìsìnkú Ìyá àgbà la lọ. Màmá mi wọ iwájú, wọ́n sì ti Màmá Dinah sẹ́yìn pẹ̀lú èmi àti kúlà oúnjẹ. Màmá Dinah yìí kan náà ló ta aṣọ òkè wọn mẹ́fà kí Bàbá tó rí owó kọ́ṣẹ́. Wọn ò jà. Nígbà tí a dé oríta, wọ́n ní kí Bàbá dúró, wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì. "Mo ti mọ ibi tí mo wà." Gbogbo ohun tí wọ́n sọ nìyẹn. Wọn ò wọ mọ́tò náà mọ́ títí di òní.

Màmá mi ti sùn, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ìjókòó ò tíì sùn. Ẹ̀fẹ̀ ni Màmá Dinah fi ń ṣe báyìí. Mo mọ ẹ̀fẹ̀ àgbà.

Ọjọ́bọ̀, 16 oṣù kejì

Ọyẹ́ ò fẹ́ lọ bọ̀rọ̀. Eruku wà nínú imú mi, ó wà nínú ìwé ìṣirò tí mò ń máàkì. Abdulkareem tú kábúrétọ̀ sínú abọ́ tí mo fi ń ṣan ẹ̀wà, kò sì bi mí. Mo bú u. Ó ní kí n má bínú, òun á fi epo bẹtiróòlù fọ̀ ọ́ mọ́ fún mi. Ọlọ́run ló kó o yọ.

Àìkú, 26 oṣù kejì

Ọ̀rọ̀ orúnkún la sọ lónìí. Màmá Dinah ní orúnkún àwọn ò lè ká wọ mọ́tò mọ́, àfi kí ìdí kọ́kọ́ jókòó kí ẹsẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Bàbá ronú títí. Wọ́n gba bírò lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ọwọ́ òsì ya ìjókòó kan tó kọjú sí ìta. Ó wọ́, ó dà bí ewúrẹ́, ṣùgbọ́n ó yé Abdulkareem lójú ẹsẹ̀: ìjókòó tó ń yí síta, kí Màmá kọ́kọ́ jókòó, kí a wá yí wọn wọlé. Ó ní irin abẹ́ àga ọ́fíìsì tó ń yí ló máa ṣe é, ó sì mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á ní ọjà Pántẹ́kà.

Bọ̀dá Tìmí, ọmọ Màmá Dinah, fi téèpù wọn ẹsẹ̀ màmá wọn láti orúnkún dé àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n pè é fún mi lórí fóònù. Mo gé okùn tó gùn bẹ́ẹ̀, mo so ó mọ́ dígí inú mọ́tò, kí Abdulkareem má baà ní òun gbàgbé.

Àbámẹ́ta, 4 oṣù kẹta

Ó dáhùn! Lẹ́ẹ̀kẹtàdínlógún, ẹ́ńjìnnì húkọ́, ó pọ èéfín dúdú sára aṣọ tí mo sá, ó sì dáhùn. Abdulkareem ń jó. Bàbá ò jó, ṣùgbọ́n wọ́n ń sọ orúkọ kan lábẹ́ èémí. Mo rò pé orúkọ màmá mi ni. Nígbà tí mo sún mọ́ wọn, "Dinah" ni.

Ọjọ́rú, 8 oṣù kẹta

Wọ́n ti pápákọ̀ òfurufú Àbújá pa láti òní, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n ní. Kaduna ni gbogbo bàlúù ń bà sí. Láti Mando títí bọ́ sí ojú ọ̀nà Àbújá, ṣọ́jà àti ọlọ́pàá ló tò lọ bẹẹrẹbẹ. Àwọn èèyàn pàtàkì ń gba ọ̀nà wa, ọ̀nà wa náà sì di èèyàn pàtàkì.

"Àǹtí, tẹ́ ẹ bá máa lọ, ìgbà yìí ni," Abdulkareem wí. "Olè wo ló máa dúró sáàárín ṣọ́jà?"

Òótọ́ ni. Láti ọdún tó kọjá ni ẹ̀rù ọ̀nà yẹn ti ń bà mí ju ẹ́ńjìnnì lọ. A dá ọjọ́: Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹrin, nígbà tí ilé ìwé bá ti padé. Màmá Dinah gbọ́, wọ́n ní àwọn á lọ di irun.

Ìṣẹ́gun, 14 oṣù kẹta

Màmá Dinah ti kú.

Ẹnu géètì ilé ìwé ni mo wà nígbà tí Bọ̀dá Tìmí pè. Wọ́n sùn lálẹ́ àná, wọn ò jí. Wọ́n ti di irun náà. Mo wọ ilé ìyàgbẹ́ àwọn tíṣà, mo sunkún, mo bọ́jú, mo sì lọ kọ́ kíláàsì kẹta ní ìṣirò ìdá. Ọmọ kan béèrè pé kí ló dé tí ojú mi pọ́n. Mo ní eruku ni.

Bọ̀dá Tìmí tún pè ní ọ̀sán. Wọ́n ti ṣèpàdé ẹbí. "Tósìn, a ò gbọdọ̀ jẹ́ kí Bàbá gbọ́. A kì í túfọ̀ fún ẹni tí ara rẹ̀ ò le. Tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá tún gbé wọn, òkú méjì la máa sin. Ẹtì ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n la fi ìsìnkú sí. Lẹ́yìn ìgbà náà, díẹ̀díẹ̀, a ó wá ibi tí a máa gbà sọ ọ́."

Mo ní, "Bọ̀dá, mo gbọ́." Ta ni mo jẹ́ tí n ó já ẹbí ní koro? Mo délé, Bàbá na ọ̀pá sí irin àga tí Abdulkareem gbé wá láti Pántẹ́kà. Ó ń yí dáadáa. Wọ́n fi ìka kan yí i, yí i, inú wọn ń dùn bí ọmọdé. Okùn ẹsẹ̀ Màmá Dinah ṣì wà lára dígí.

Àìkú, 19 oṣù kẹta

Fóònù ò dún. Ní agogo kan, Bàbá na ọwọ́ sí i.

Mo ní nẹ́tíwọọ̀kì Ìjẹ̀bú ò dáa lónìí. Ilé ìdáná ni mo gbà lọ, mo dibọ́n bí ẹni tó ń pè. Mo pè lóòótọ́, Bọ̀dá Tìmí ni mo pè, mo bi wọ́n nípa pósí àti ètò ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, mo rẹ ohùn sílẹ̀, mo sunkún díẹ̀ sínú aṣọ ìnuwọ́. Nígbà tí mo jáde, mo ní, "Kò wọlé, Bàbá."

Wọ́n wò mí pẹ́. "Ó d-dáa," ni wọ́n wí.

Ìṣẹ́gun, 21 oṣù kẹta

Oòrùn ń sun èèyàn. Mo sọ ọ́ fún Abdulkareem, nítorí bí mi ò bá sọ ọ́ fún ẹnì kan, inú mi á bẹ́. Innalillahi ló kọ́kọ́ wí.

"Àǹtí, lọ́dọ̀ tiwa, kí oòrùn tó wọ̀ a ti sin òkú. A kì í ráyè fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó máa sunkún á sunkún lọ́jọ́ náà."

Mo ní tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní òun mọ̀. Ó béèrè bóyá kí òun dáwọ́ ìjókòó yíyí dúró. Mo ní rárá, Bàbá á fura. Ó wá ń fi gbogbo ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí ìjókòó tí kò ní ẹni tó máa jókòó sí i. Mi ò lè wò ó.

Ẹtì, 24 oṣù kẹta

Bàbá ní kí a rán aṣọ sí ìjókòó iwájú. Mo mú aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀ wá, tí kò ní tètè dọ̀tí. Ọ̀pá lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo mú aláwọ̀ ewé. Ẹ̀ẹ̀kan. "Funfun," wọ́n wí.

Hàjàrá pàápàá ṣe háà: "Fari? Nínú mọ́tò? Baba, eruku Kaduna ńkọ́?" Ó wọn ìjókòó náà, ó ń mi orí. Èmi náà bínú díẹ̀. Ta ló máa máa fọ̀ ọ́?

Àìkú, 26 oṣù kẹta

Láti àná ni mo ti ń ṣètò irọ́ òní. Mo fẹ́ ní Màmá Dinah lọ sí ìpàdé àdúrà ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá ò béèrè fóònù. Wọ́n ní kí n gbé àwọn sùn, wọ́n kọjú sí ògiri.

Mo dúpẹ́. Mo kọ ọ́ síbí kí n lè rántí pé mo dúpẹ́.

Ọjọ́rú, 29 oṣù kẹta

Ọ̀dà ti gbẹ. Àwọ̀ wàrà ni, bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀kùn mẹ́ta ti gba ọ̀pá méjì. Ti iwájú yẹn nìkan ló kù. Abdulkareem ti sún àgbékọ́ rẹ̀, irin tó so ó mọ́ ara mọ́tò, nígbà mẹ́sàn-án, kò dá èmi lójú pé ìyàtọ̀ kankan wà. Ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan. "Àǹtí, etí Bàbá yìí, Allah ló mọ̀ ọ́n," ló wí, ó nu òógùn.

Ẹtì, 31 oṣù kẹta

Lónìí ni wọ́n sin wọ́n.

Mo gbàyè nílé ìwé, mo ní inú ń run mí. Bàbá ní kí n fá irùngbọ̀n àwọn, kí n wọ bùbá funfun fún àwọn. Mo ní níbo lẹ ń lọ? "Ìta." Mo gbé wọn sábẹ́ máńgòrò. Wọn ò jẹun. Mo fẹ́sùn kan ooru.

Agogo mọ́kànlá kọjá díẹ̀ ni fọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti ọ̀dọ̀ Bọ̀dá Tìmí. Mo lọ sí ilé ìdáná, mo wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Pósí. Àwọn ọmọ ìjọ. Bọ̀dá Tìmí tí wọ́n ń da yẹ̀pẹ̀ lé màmá wọn lórí. Wọ́n pè mí, a sọ̀rọ̀ díẹ̀, mo gbọ́ orin lẹ́yìn wọn.

Nígbà tí mo jáde, Bàbá ti tẹ̀ síwájú lórí àga débi pé díẹ̀ ló kù kí wọ́n ṣubú. Wọ́n ti bu yẹ̀pẹ̀ sí ọwọ́ òsì, ó ń dà láàárín ìka wọn sílẹ̀, sórí ẹsẹ̀ wọn, sára bùbá funfun. Gbogbo ohun tí mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni láti ọ̀sẹ̀ méjì, orí wọn ni mo sọ ọ́ lé. "Bàbá! Aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀! Ṣé ẹ ti di ọmọdé ni?" Mo tú ìka wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo gbọn yẹ̀pẹ̀ náà dànù, mo bu omi sínú abọ́, mo fọ ọwọ́ náà títí dé abẹ́ èékánná. Mò ń bú wọn bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́. Wọ́n jẹ́ kí n fọ̀ ọ́.

Ní alẹ́ mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n fọwọ́ pa mí lórí.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù kẹrin

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Ìjì já máńgòrò tútù lé òrùlé mọ́tò, ó tẹ̀ ẹ́ níbì kan. Abdulkareem fi ọwọ́ tì í láti inú, ó padà bọ̀ sípò. Ká ní gbogbo nǹkan rí bẹ́ẹ̀.

Àbámẹ́ta, 8 oṣù kẹrin

Ọjọ́ tí a dá rèé. Èrò ọkàn mi ni pé n ó ní ẹ́ńjìnnì ṣì kù díẹ̀, kí n lè sún ìrìn àjò síwájú títí ẹbí á fi mọ bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́. Abdulkareem ti de nọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn. Hàjàrá mú aṣọ funfun wá, a wọ̀ ọ́ fún ìjókòó.

Bàbá ní kí a gbé àwọn wọ mọ́tò. Mo ṣí iwájú, mo yí ìjókòó síta. Ọ̀pá lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n na ọwọ́ sí ẹ̀yìn. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yìn há, ẹsẹ̀ yín ò ní..." Ẹ̀ẹ̀kan, ó le. A gbé wọn sẹ́yìn, níbi tí Màmá Dinah jókòó sí lọ́dún 1991.

Wọ́n ní kí Abdulkareem yí ìjókòó iwájú wọlé. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n fọwọ́ júwe, bí ẹni pé orúnkún kan wà níbẹ̀ tó ń dun èèyàn. Ó yí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó wò mí, mi ò lè wò ó. Wọ́n ní kó ti ilẹ̀kùn. Ìka kan ni Abdulkareem fi tì í, ó ti kọ́ ọ.

Ó wọlé láìpariwo. Bàbá dẹtí. Ọ̀pá gbá ilẹ̀ mọ́tò lẹ́ẹ̀mejì.

"Dinah ti jókòó," wọ́n wí.

Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo ní, "Bàbá, tí a bá délé Màmá Dinah..." Wọ́n gbé ọwọ́ òsì sókè kí n dákẹ́. Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tì í jáde.

"Ọwọ́ mi rọ. Ẹnu mi rọ. Etí mi ò rọ, Tósìn."

Ilé ìdáná. Fèrèsé ilé ìdáná, tó kọjú sí ìdí máńgòrò. Láti Àìkú àkọ́kọ́ yẹn ni wọ́n ti gbọ́. Ẹni tó fi ọdún mẹ́rìnlélógún gbọ́ ohùn ilẹ̀kùn ni mo ń rẹ ohùn sílẹ̀ fún.

Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Mo ní kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi, ẹ̀ bá ti lọ síbi ìsìnkú. Wọ́n ní, "O ò fẹ́ kí n mọ̀. Ó ń rẹ̀ ẹ́. Mo ní kí n má... dá kún un." Lẹ́yìn náà la sunkún, àwa méjèèjì, Abdulkareem sì lọ dúró lẹ́bàá fẹ́ǹsì, ó kẹ̀yìn sí wa.

Ẹtì, 14 oṣù kẹrin. Ìjẹ̀bú-Igbó

Ọjọ́ méjì la lò lójú ọ̀nà. A sùn ní Lọ́kọ́ja. Ẹ́ńjìnnì gbóná lẹ́ẹ̀mejì, a sì bu omi sí i. Èmi ni mo wà á, Bàbá lẹ́yìn, iwájú ṣófo pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀. Kí a tó dé Àbújá, ṣọ́jà kan tẹrí ba wo inú mọ́tò. "Baba, why you no sit for front? Front dey free."

"Pessin dey," Bàbá wí.

"Who?"

"My sister."

Ó wo ìjókòó náà, ó wo ojú Bàbá, ó wo èmi. Ó ní ká máa lọ.

Ẹ̀yìn ilé ni sàréè wà, sìmẹ́ńtì rẹ̀ ṣì tuntun. Bọ̀dá Tìmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú Bàbá, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn yẹn. Wọ́n ní ẹbí ló fà á, kí Bàbá má bínú, àwọn rò pé ó máa dáa bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá fi ọ̀pá kàn wọ́n léjìká díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n dìde. Bọ̀dá Tìmí wá bu yẹ̀pẹ̀ sínú abọ́, wọ́n gbé e wá pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Ó ti pẹ́ o, Bàbá, ṣùgbọ́n ẹ bá wa da tiyín."

Bàbá mi orí. "Mo ti da tèmi."

"Níbo, Bàbá?"

"Kaduna."

Bọ̀dá Tìmí wò mí pẹ̀lú àánú, wọ́n rò pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé abọ́ náà kúrò. Mi ò lè la ẹnu mi sọ ọ́ fún wọn. Èmi ni mo tú ìka Bàbá lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ ìsìnkú. Èmi ni mo bu omi. Mò ń bú wọn títí mo fi da omi ọwọ́ wọn nù sí ìdí máńgòrò.